Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: bí a ṣe ń yẹ laptop tòkunbọ̀ wò ní Computer Village

Iṣẹ́ àtúnṣe laptop ni mo ń ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà. Mi ò ta ọjà, ẹ̀rọ tó bá ti bàjẹ́ ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ẹ̀rọ tí ẹni kan rà láàárọ̀ lójú títì Ọtígbà, tí inú rẹ̀ ń dùn, ó lè dé orí tábìlì mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lẹ́nu àwọn oníbàárà: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Windows 10 ti kú, ṣé kí n lọ ra òmíràn ni?” Ní ọjọ́ 14 oṣù yẹn ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí Windows 10. Ẹ̀rọ yín á ṣì máa tàn o. Àmọ́ ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa dí i mọ́, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò ọdún kan, èyí tí òun náà á parí ní oṣù kẹwàá 2026. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń sáré tí kò sì sówó òmíràn nílẹ̀, Linux Mint wà, ètò tó lè rọ́pò Windows ni, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ gbé e sí i kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹni tó bá ti pinnu láti rà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ má ra i7, ìran ni kẹ́ ẹ rà

“i7 ni o, Bọ̀ọ̀dá!” Gbólóhùn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, wọ́n á sì fi ìka kan sítíkà tó ń dán lára ẹ̀rọ. i5 àti i7 jẹ́ orúkọ irú ọpọlọ (CPU) tí Intel ń ṣe; ìran ló ń sọ bó ṣe tuntun tó. Wọ́n ń ta sítíkà lọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè lẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí. Ẹ lọ sí Performance, kẹ́ ẹ tẹ CPU. Lókè lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ máa rí orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà gan-an.

Bí wọ́n bá kọ i5-8350U, 8 tó wà níwájú yẹn ni ìran rẹ̀: ìran kẹjọ. i7-6600U, ìran kẹfà ni. Tó bá jẹ́ i5-10210U tàbí i5-1135G7, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lẹ máa kà, ìran kẹwàá àti ìkọkànlá nìyẹn. Ọdún 2017 ni Intel gbé ìran kẹjọ fún laptop jáde, ibẹ̀ sì ni Microsoft fàlà sí fún Windows 11, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ péré nínú ìran keje. Tó bá jẹ́ Ryzen, ọpọlọ tí AMD ń ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3000 sókè, kẹ́ ẹ lè fọkàn balẹ̀.

Kì í ṣe torí Windows nìkan ni mo fi ń tẹnu mọ́ ìran kẹjọ. Nínú Task Manager kan náà yẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Cores sí, ìyẹn iye òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọpọlọ náà. i7-7600U tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, 2 ló ní. i5-8350U tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín pé i5 lásán ni, 4 ló ní. Ẹni tó bá ń ṣí Chrome, Excel àti Zoom lẹ́ẹ̀kan náà á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí àwọn tó fowó kún owó kí wọ́n lè gba i7 ìran kẹfà.

Bẹ́ ẹ bá wá rí Windows 11 lórí ẹ̀rọ ìran kẹfà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, àwa náà mọ̀ ọ́n. Kò ní ìdánilójú pé àtúnṣe tó ń bọ̀ á wọlé sí i. Windows 11 tún ń béèrè TPM, ohun ààbò kékeré kan tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ tpm.msc, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tí Specification Version bá jẹ́ 2.0, ó dáa. Tí wọ́n bá ní àwọn ò rí TPM kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n pa á nínú BIOS ni, ìyẹn ojú ètò ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ kí Windows tó ṣí.

Bátìrì

Níbi tá a ti ń gbé, tí iná lè lọ kẹ́ ẹ tó parí gbólóhùn, bátìrì ṣe pàtàkì ju ọpọlọ lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù.

Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú ìwé náà sí fún yín, ẹ ṣí i. Ìlà mẹ́ta lẹ máa wá. DESIGN CAPACITY ni agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun. FULL CHARGE CAPACITY ni èyí tó kù. CYCLE COUNT ni iye ìgbà tí wọ́n ti kún un tí wọ́n sì ti lò ó tán. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000, tí èkejì sì jẹ́ 31,000, ìdá 62 nínú 100 ló kù. Èrò tèmi ni pé bí èyí tó kù kò bá tó ìdá 70 nínú 100, kí ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Bí ìwé náà bá wá sọ pé bátìrì ẹ̀rọ ọdún 2018 pé pérépéré, tí CYCLE COUNT rẹ̀ sì jẹ́ 0, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn, bóyá fún gbàrọgùdù. Àwọn bátìrì olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún kọ̀ǹpútà. Ojú lẹ fi máa mọ òótọ́. Ẹ yọ ṣájà, ẹ gbé fídíò sókè lórí YouTube, ẹ jẹ́ kí iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ máa ná ọjà yín lọ. Tó bá jẹ́ pé láàárín 20 ìṣẹ́jú ó ti já láti 100 sí 70, ẹ ti rí ìdáhùn. Kí ẹ tún gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Tó bá ń mì, tàbí tí ibi tí ìka ń rìn lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù (touchpad) ti wú sókè, bátìrì ti wú nínú nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ó lè gbiná.

Ní ti bátìrì yìí, ThinkPad T480 ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ìran kẹjọ. Méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ sì lè yọ tẹ̀yìn láìpa ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iná ò sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn máa ń ra ìkejì tẹ̀yìn sínú báàgì. Nínú ìwé powercfg, ẹ ka méjèèjì.

Ẹ̀rọ tó ṣì ní olówó

Àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí, iléeṣẹ́ ló lo ọ̀pọ̀ nínú wọn lókè òkun, àwọn iléeṣẹ́ sì máa ń ti ẹ̀rọ wọn. Arábìnrin kan gbé EliteBook, laptop HP, wá bá mi, ó ti ń lò ó dáadáa. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun, ló bá tẹ Reset. Bó ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ iléeṣẹ́ kan tí wọn ò mọ̀ rí jáde, ó kí wọn káàbọ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ímeèlì iléeṣẹ́ náà wọlé. Ẹni tó tà á fún un ti gbé Windows sí i láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí kò fi hàn tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é ni?” Mo ní, “Màmá, iléeṣẹ́ yẹn nìkan ló lè tú u. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.” Ìwé rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni kẹ́ ẹ ti sọ pé kí wọ́n tẹ Reset, kẹ́ ẹ sì fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín so ó. Ó máa gba àkókò, ẹni tó ń tà á á sì máa fajú ro. Ẹ jẹ́ kó fajú ro. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ máa tẹ F2 tó bá jẹ́ Dell, F10 fún HP, F1 fún ThinkPad, kẹ́ ẹ lè wọ BIOS. Tó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, ẹ dìde. Tó bá ṣí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Computrace tàbí Absolute sí, ohun tí iléeṣẹ́ fi ń tọpa ẹ̀rọ wọn tí wọ́n sì lè fi tì í láti òkèèrè. Tí wọ́n bá ti mú un ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti MacBook, ẹ rí i pé wọ́n yọ àkáǹtì iCloud ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kúrò, kó sì ṣojú yín, ìlérí pé “màá yọ ọ́ tó bá dọ̀la” kì í ṣe nǹkan kan.

RAM ti wọ́n

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó ra èyí tí RAM rẹ̀ (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 8GB, kó fi kún un tówó bá dé. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti fò sókè káàkiri ayé, torí àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ilé ńláńlá fún AI ń kó gbogbo rẹ̀ rà. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Micron, iléeṣẹ́ tó ń ṣe RAM, kéde pé òun á dẹ́kun títa Crucial, RAM àti SSD tí ọ̀pọ̀ wa ń lò fún àtúnṣe, fún àwọn oníbàárà kéékèèké. Nítorí náà, ẹ wá èyí tí 16GB ti wà nínú rẹ̀. Nínú Task Manager, ẹ tẹ Memory, ẹ wo Slots used. T480, EliteBook 840 G5 àti Latitude 7490 ti Dell ní ojú méjì tẹ́ ẹ lè fi RAM sí. ThinkPad X1 Carbon ò ní rárá, wọ́n jó tirẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ni, bẹ́ ẹ ṣe rà á lẹ máa lò ó. Ní ti SSD, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì yín sí, ẹ gbé CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, dání nínú fláàṣì, kẹ́ ẹ ṣí i níbẹ̀. Tí kò bá kọ Good, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba àkókò. Ẹ ṣí Notepad kẹ́ ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, títí dórí @. Èyí tó bá gba Kùtọnu wọlé lè ní kíbọ́ọ̀dù Faransé, níbi tí A wà ní ipò Q. Ẹ ṣí ideri rẹ̀ kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún. Ẹ ki ṣájà bọ gbogbo ojú USB-C tó ní, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, inú ṣọ́ọ̀bù tó ní orúkọ lókè ni, kì í ṣe fún ọmọ tó fà yín láṣọ lójú títì. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà serial ẹ̀rọ náà sórí rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì fi í wé èyí tó wà nínú BIOS. Kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lè dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè kọ ọ́, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.