Ẹ Má Ra Hosta fún Ọgbà Àjàṣẹ́, àti Àwọn Àṣìṣe Mìíràn Lábẹ́ Ibòòji

1. Hosta, ewéko ọ̀ṣọ́ kan, ni àkọ́kọ́, nítorí òun ló ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn jù. Wọ́n á rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ewé tó fẹ̀ dáadáa tí etí rẹ̀ funfun, wọ́n á sì ní kí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Faransé fi gbòǹgbò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Japan, Kòríà àti Ṣáínà ni orírun rẹ̀, òtútù ló sì ń mú un sinmi. Ewé á wọ́, gbòǹgbò á sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 5°C, ìgbà náà ni yóò tó lágbára láti tún rú. Ọyẹ́ tiwa kì í sábà gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé ìsàlẹ̀ 20°C. Hosta tí kò sùn á máa ta ewé kéékèèké, ti ọdún kejì á kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí gbòǹgbò á fi tán. Ìyá kan ní Kétu ń da omi dídì sí ìdí tirẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó ń bi mí pé kí ló kù tí òun ò ṣe. Ó dùn mí gan-an, torí kò sí ohun tó lè ṣe. Àwọn tó ń tà á mọ ibi tí ẹrù ń lọ, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

2. Ẹni tó fẹ́ ewé aláràbarà, kó ra caladium. Ẹbí kókò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì fi ń sùn. Tí ewé rẹ̀ bá wọ́ ní oṣù Kejìlá, àwọn èèyàn á ní ó ti kú, wọ́n á hú u dànù, tàbí kí wọ́n máa bomi rin ín títí iṣu rẹ̀ á fi jẹrà. Ẹ fi sílẹ̀. Òjò oṣù Kẹrin ni yóò jí i.

3. Ẹ má gbin caladium mọ́ ìdí máńgòrò gan-an. Gbòǹgbò igi á mu gbogbo omi.

Ohun tí a máa gbìn tì í ńkọ́? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mu omi. Tètèrẹ̀gún fẹ́ ilẹ̀ tútù bíi caladium, ẹ fi sẹ́yìn nítorí ó ga. Rinrin á hù fúnra rẹ̀ níwájú, ẹ má ro ó dànù. Ọ̀já ìkookò kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn: ibi gbígbẹ ló fẹ́, omi púpọ̀ á mú un rà. Ewé eéran, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún un, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ń rìn, á gba gbogbo ọgbà. Kí ẹ tó náwó, ẹ lọ sí ọgbà ewéko Jardin des Plantes et de la Nature nílùú wa níbí, kí ẹ wo ohun tó ń hù lábẹ́ àwọn igi ńlá ibẹ̀.

Dieffenbachia, ewéko ọ̀ṣọ́ mìíràn tí ewé rẹ̀ tóbi: oje rẹ̀ ń mú ẹnu wú. Ẹ má gbìn ín síbi tí ọwọ́ ọmọdé tó.