Ẹ má gba kíbọọ̀dù lọ́wọ́ ọmọ: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí yunifásítì bá gbé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde lọ bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìka kan ṣoṣo ló fi ń wá lẹ́tà kiri. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́: ó na ọwọ́ gba orí èjìká ọmọ, ó tẹ̀ ẹ́ páá-páá-páá, ètò náà ṣiṣẹ́, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kí ni ọmọ náà kọ́? Pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòun. Èmi náà ṣe é rí, títí ọmọbìnrin kan fi rọra kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, tí kò sì gbé wọn padà títí a fi ṣíwọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá bá mi jáde, ẹ̀yìn ni yóò kó ọwọ́ sí. Ẹnu ni kó fi ṣèrànwọ́: "Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá tẹ èyí?"

Ẹ má gbọ́kàn lé íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ikọ̀ tí ó fi wákàtí méjì wo òbìrípo tí ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Scratch, ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, ní irú èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti fi sórí ẹ̀rọ kí ẹ tó gbéra. Bí kò bá sí ẹ̀rọ rárá, ìlànà CS Unplugged wà, èyí tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láìlo ẹ̀rọ, tí Tim Bell ti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ẹ gé páálí márùn-ún, ẹ ya àmì roboto sójú kan páálí kọ̀ọ̀kan, iye wọn ní títẹ̀lé ara wọn: 16, 8, 4, 2, 1. Ọmọ márùn-ún á tò, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àmì tó hàn síta ṣe 19. Àwọn tó di 16, 2 àti 1 mú á kọjú tiwọn síta, àwọn méjì yòókù á yí tiwọn padà. Bí a bá kọ 1 fún èyí tó hàn, 0 fún èyí tí a yí padà, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nọ́ńbà nìyẹn: 10011. Ariwo á sọ! Wọ́n á fúnra wọn rí i pé 31 ni nọ́ńbà tó pọ̀ jù tí páálí márùn-ún lè ṣe. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn o, bó ti wù kí ẹnu máa yún yín tó.

Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé "ẹni tí ó ti mọ kóòdù díẹ̀", ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1995, obìnrin 7 péré ló wà nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ó wọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ní 2000, wọ́n ti di 42 nínú 100. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò fi mímọ kóòdù tẹ́lẹ̀ díwọ̀n ẹni tí wọ́n máa gbà mọ́.

Fọ́tò? Ẹ gbàṣẹ òbí.

Èyí tí ó burú jù ni wíwá lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì lọ pátápátá. Olùkọ́ ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti fún ní kọ̀ǹpútà, mo bá wọn nínú àpótí. Wọn kò bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tì wọ́n ti gboyè lọ, kò sì sọ ọ́ fún olùkọ́ kankan.