Bí a ṣe ń fi ẹjọ́ ilé kánsù tí wọ́n ń fi háyà lábẹ́lẹ̀ sùn láìṣi ẹni mú

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Peckham, Thamesmead tàbí Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ló mọ fúláàtì kánsù kan (ilé ìjọba ìbílẹ̀) tí ẹni tó ni orúkọ inú ìwé ilé kò gbé ibẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń san owó gọbọi fún un lóṣooṣù, nígbà tí àwọn ìdílé tó ń dúró de ilé há sínú yàrá kan ṣoṣo ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2013 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lè san owó ìtanràn, ẹni tó bá sì fi èrú ṣe é lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2. Fífi ọ̀rọ̀ náà tó kánsù létí kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun tó yẹ kí a ti ṣe ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ilé náà. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1980 ti fún ayálégbé kánsù láàyè láti ra ilé tó ń gbé, ọ̀pọ̀ fúláàtì inú ẹ̀sítéètì ti di ti àwọn tó rà wọ́n, onílé bẹ́ẹ̀ sì lè fi ilé rẹ̀ háyà láìjẹ́ jìbìtì, bí ó bá ṣáà ti tẹ̀ lé àdéhùn tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ojú òpó ìjọba fún HM Land Registry, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ilé, ni kí ẹ wò. Bí fúláàtì náà bá ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ti rà á nìyẹn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀. Ìwé tó ní orúkọ onílé nínú jẹ́ £7. Àwọn ojú òpó aláfarawé tó máa ń yọjú lórí Google a máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni èyí tó kàn: kí a mọ̀ bóyá wọ́n fi ilé náà háyà lóòótọ́, àbí àlejò ni a rí. Ayálégbé kánsù tí ìwé rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹni tí yóò máa sanwó yàrá sínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí ó bá fẹ́ ya apá kan ilé sọ́tọ̀ fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kánsù lórí ìwé. Kíkó gbogbo ilé fún ẹlòmíràn kí òun sì lọ máa gbé ibòmíràn ni ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń wí. Nítorí náà, iye ènìyàn tó ń wọlé kọ́ ni ìbéèrè. Ṣé ẹni tó ni orúkọ ṣì ń sùn níbẹ̀ ni ìbéèrè.

Ní ẹ̀sítéètì tiwa, nígbà tí mo wà nínú ìgbìmọ̀ ayálégbé, ẹnì kan fi ẹjọ́ ìyá kan sùn nítorí pé ó rí ọmọge kan tó ń wọ àpò onítáyà wọlé. Ìyá náà ti lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí ó bá òun ṣọ́ ilé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kánsù dé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá náà wà lórí fíríìjì, aṣọ ẹbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Títí di òní olónìí, bí a bá pàdé nínú lífíìtì, ńṣe ni ìyá náà máa ń wojú ilẹ̀. Ẹni tó rìnrìn àjò tàbí tó wà nílé ìwòsàn, tó sì ní i lọ́kàn láti padà, tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà nílé, kò tíì fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí èyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kí ẹ fi ṣàkọsílẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé ni mo máa ń lò, èyí tí wọ́n fi okùn rán tí ewé rẹ̀ kì í já, mo sì máa ń kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó bọ́ bàtà, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Báyìí ni kí ó rí: “Jímọ̀, aago 7:40 alẹ́. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, àpò onítáyà méjì. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí àpótí kọ́kọ́rọ́ tó wà lára irin àtẹ̀gùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn. N kò rí wọn rí.” Ẹni tó bá kọ “Àwọn oníjìbìtì tún ti dé” kò kọ nǹkan kan. Bí ẹ bá rí ìpolówó ilé náà lórí Airbnb tàbí Facebook, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ àti iye owó hàn.

Ẹ má ṣe lọ bá ayálégbé náà sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe gbé e sórí WhatsApp ẹ̀sítéètì. Mo ti rí i tí wọ́n ta ẹnì kan lólobó báyìí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ó ti kó bẹ́ẹ̀dì àti fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ padà wọlé. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́tà onílẹ́tà, nítorí ìyẹn lè di ẹ̀sùn sí yín lọ́rùn, ẹ má sì ya àwòrán ọmọdé.

Láti fi ẹjọ́ sùn, ẹ wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀sítéètì kí ẹ lè mọ̀ bóyá kánsù ló ni ilé náà tàbí housing association (ẹgbẹ́ aláìlérè tó ń fi ilé háyà), kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹni tó ni ín létí. Ẹ lè fi orúkọ bò. Èmi a máa fi nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọn kò rí ẹni bi lè dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn èyí ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan fún oṣù púpọ̀. Kánsù lágbára láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì àti iléeṣẹ́ iná, wọ́n lè kanlẹ̀kùn láìsọ tẹ́lẹ̀, kí kúìtì nótíìsì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti kó gbogbo ilé kánsù fún ẹlòmíràn ti pàdánù ààbò òfin. Lílé ayálégbé abẹ́lẹ̀ jáde kò lè dá a padà. Ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ó da èrè tó jẹ padà.

Ẹni tó ń gbé inú ilé náà ńkọ́? Nígbà púpọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni, tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ òtítọ́ fún un. Bí ó bá fúnra rẹ̀ wá bá yín, ẹ júwe Shelter tàbí Citizens Advice, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, fún un, kí ó sì tọ́jú gbogbo ẹ̀rí owó tó san. Bí wọ́n bá pe ẹ̀yin náà láti jẹ́rìí, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn dání, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó fi sílẹ̀ fún wọn.