Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àgbàlagbà Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ìrìn Òwúrọ̀

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń kó àwọn àgbàlagbà jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí a máa ń rìn láti Táákìè lọ sí ìhà Arówómọlé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Pé ìrìn ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí ó sì ń mú ẹsẹ̀ le kí àgbà má baà máa ṣubú, n kò ní tún un sọ, nítorí gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni owó tí àwọn ènìyàn ń fi ṣòfò kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Èkíní ni ríra ẹ̀rọ ìrìn sínú ilé, nílùú tí iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣe bí àlejò, tí ọ̀nà ọ̀fẹ́ sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èyí tí mo rí kẹ́yìn, ìró àti gèlè ni wọ́n sá sí i lọ́wọ́.

Èkejì ni kíka ìṣísẹ̀ 10,000 lójoojúmọ́ bí ẹni pé òfin ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ akaṣísẹ̀ tí wọ́n tà ní Japan ní ọdún 1965 ni ó sọ iye yẹn di olókìkí. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fi ṣe eré ìdárayá tí ó mú èémí yára díẹ̀. Bí ẹ bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn yín ti yá tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe kó ìrìn ọ̀sẹ̀ kan jọ sí ọjọ́ Sátidé nìkan.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni ó dùn mí jù. Màmá kan wọ bàtà olówó gọbọi tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá, gbogbo wa sì kí i kú orí ire. Nígbà tí a ń padà, mo rí i pé ó ń tẹ ẹsẹ̀ òsì gba ẹ̀gbẹ́. Ó ní kò dun òun rárá. Nígbà tí a bọ́ bàtà náà, òkúta wẹ́wẹ́ kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ ni a bá nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ìbọ̀sẹ̀ gbindin, nítorí pé àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà. Oṣù kan gbáko ni a fi wẹ egbò. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ wá inú bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì ní kí ọmọ-ọmọ yín bá yín wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè tí ó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sì kù níwájú ọmọ ìka tí ó gùn jù. Èmi tí mo ń pariwo yìí náà ti ra ọ̀kíríkà tí ó tóbi jù mí lọ, nítorí pé wọ́n já owó rẹ̀ sí ìdajì; mo fi àkísà dí iwájú rẹ̀, ó sì gbé mi ṣubú níwájú àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń kí mi pé, “Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì fún àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ikùn òfo rìn, kí ó sì fi súìtì sápò. Bí àyà bá ń fún yín, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ máa gba apá òsì títì, kí ẹ lè rí ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Ọ̀pá ìtilẹ̀ náà ńkọ́? Ọwọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń dunni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú un sí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kejì ni ó yẹ ẹ́. Bàbá kan bá mi jiyàn gidigidi lórí èyí, ó ní ẹsẹ̀ tí ń dun òun ni ó nílò ọ̀pá. Mo ní kí ó kàn dán an wò dé ìkóríta. Kò sọ ohunkóhun nígbà tí a débẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀pá náà padà sí ọwọ́ àkọ́kọ́ mọ́ títí di òní.