Bẹ́ ẹ ṣe máa sin àgùntàn àti ewúrẹ́ nínú Minecraft

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́ẹ̀mù Minecraft, ẹ yé pa àgùntàn. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ sì fẹ́ tètè ṣe bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ bá pa, irun ẹyọ kan lẹ máa rí lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ irun mẹ́ta aláwọ̀ kan náà ni bẹ́ẹ̀dì ń gbà pẹ̀lú pákó mẹ́ta. Ẹ wá irin méjì, ẹ fi ṣe sísọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ rẹ́ irun ẹ̀, ẹ lè rí kan, ẹ lè rí mẹ́ta, tó bá ti tẹrí jẹ koríko irun á tún hù, ẹ tún rẹ́ ẹ. Torí náà orí koríko ni kẹ́ ẹ ṣọgbà wọn sí o.

Tó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ fẹ́, àgùntàn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi aró kùn, ẹyọ kan péré, gbogbo irun tó bá hù lẹ́yìn ẹ̀ á máa jẹ́ àwọ̀ yẹn. Wíìtì lẹ máa fún méjì jẹ kí wọ́n tó bímọ, kò sí pé akọ rèé abo rèé. Tí pupa àti yẹ́lò bá bímọ, olómi ọsàn ló máa jáde, ó dùn ún wò gan-an!

Ewúrẹ́ ní tiẹ̀, orí òkè oníyìnyín ló ń gbé, ọdún 2021 ló dé inú gẹ́ẹ̀mù náà. Tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ ò ní rí ẹran kankan, wàrà lẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì fún lára ẹ̀, àti ìwo, ìwo yìí, tẹ́ ẹ lè fọn bíi fèrè, ló ṣe pàtàkì. Ẹ kẹ̀yìn sí ìtì igi tàbí òkúta (pákó ò ṣiṣẹ́), kẹ́ ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ máa wo orí ẹ̀. Tó bá ti tẹ orí wálẹ̀, ó ti fẹ́ kàn yín nìyẹn, bó bá ṣe gbéra báyìí kẹ́ ẹ yà bàrá, á forí sọ igi, ìwo kan á já bọ́. Méjì ni ewúrẹ́ kan ní. Ẹ má ṣe é létí òkè o, mo pàdánù dáyámọ́ǹdì mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dùn mí títí di òní.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ èyí tó ń pariwo bí èèyàn, ẹ má jẹ́ kó lọ, ohùn mẹ́rin wà tó jẹ́ pé ìwo tiẹ̀ nìkan ló ní in.