Adìyẹ Ẹlẹ́yin: Ẹ Jẹ́ Kí Egungun Wọn Ṣiṣẹ́ Kí Wọ́n Tó Bẹ̀rẹ̀ Ẹyin

Ẹ̀yin tí adìyẹ yín ń yé dáadáa, tó wá dédé dọ̀bálẹ̀ nínú kéèjì tí kò lè dìde mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ lọ́jọ́ tí ẹ ń kó wọn tà, ẹ̀yin la kọ èyí sí.

Àṣìṣe kan ṣoṣo là ń bá pàdé. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń ṣẹ́, ìkarahun lílọ̀ ni wọ́n á máa dà sí oúnjẹ. Òótọ́ ni pé adìyẹ nílò kálísíọ̀mù. Èèpo ẹyin kan ń gba bíi gíráàmù 2. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí kò rìn, tí kò fò, ìkarahun nìkan kò lè sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di líle.

Sẹ́ẹ̀lì alààyè wà nínú egungun, wọ́n na ìka tín-ín-rín sí ara wọn bí gbòǹgbò, omi sì yí wọn ká. Bí ìwúwo bá tẹ egungun, omi náà á sún, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ ọ́n lára, á ránṣẹ́ pé kí a mọ egungun kún un. Kódà ìrísí wọn ń tẹ̀lé iṣẹ́ tí egungun ń ṣe. Nínú egungun ẹsẹ̀ eku, wọ́n gùn, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà tí ìwúwo ń gbà. Nínú agbárí rẹ̀, tí kì í ru ẹrù, wọ́n rí roboto.

Ìdúró lójú kan kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1984, Clinton Rubin àti Lance Lanyon, àwọn onímọ̀ nípa egungun, ń tẹ egungun apá àkùkọ tí wọ́n ti mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń tú u sílẹ̀. Ìgbà 4 lóòjọ́ kò jẹ́ kó joro. Ìgbà 36 mú kó nípọn. Ìgbà 1,800 kò mú kó nípọn ju ti 36 lọ. Egungun tòlótòló tí wọ́n tẹ̀ láìtú sílẹ̀ joro ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi igi ìbàlé, igi tí adìyẹ ń bà lé, sínú ilé kí àwọn ọmọ adìyẹ tó pé ọ̀sẹ̀ 4. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 15 lórí igi. 30 láàrin igi méjì. 20 sí ògiri. Kó má ga ju orúnkún yín lọ, torí adìyẹ tó bá já bọ́ láti òkè a máa fi egungun àyà gbálẹ̀.

Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ 18! A ti sọ ọ́ títí. Bí ẹyin bá ti bẹ̀rẹ̀, ara kì í mọ egungun líle mọ́. Èyí tó rọ̀, tó ń tọ́jú kálísíọ̀mù fún èèpo ẹyin, ló kù tó ń mọ.

Àwọn tó ti wà nínú kéèjì báyìí, ọwọ́ méjì ni kí ẹ fi gbé wọn jáde. Ẹ má di ẹsẹ̀ wọn kan mú fà wọ́n.