Bí a ṣe ń so HC-05 mọ́ Arduino kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn

Wáyà méjì ni HC-05, chip Bluetooth kékeré, fi ń bá Arduino, pátákó tó ń darí rẹ̀, sọ̀rọ̀: TXD ń sọ, RXD ń gbọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń dàrú, kì í ṣe inú kóòdù.

Kí ẹ tó sanwó fún HC-05 ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn irin tóóró tí a ń so wáyà mọ́. Mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́, pẹ̀lú bọ́tìnnì kékeré kan. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní bọ́tìnnì sábà máa ń jẹ́ HC-06, òun kò sì lè dá pe ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ ra rẹsítọ̀ 1k mẹ́ta mọ́ ọn.

Ẹ yọ iná ná. VCC (ibi tí iná ń gbà wọlé) lọ sí 5V, GND (ibi tí iná ń gbà padà) sí GND, TXD sí ẹsẹ̀ 10 Arduino Uno. Ẹ fi ẹsẹ̀ 0 àti 1 sílẹ̀ fún USB. Bí iná HC-05 bá tiẹ̀ ti ibòmíràn wá, GND wọn gbọ́dọ̀ pàdé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní gbọ́ra.

RXD ló gba sùúrù. Fólítì 5 ni Uno ń tì jáde, 3.3 sì ni RXD fẹ́. Bí ẹ bá so ó tààrà, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni. Ẹ fi rẹsítọ̀ kan sí àárín ẹsẹ̀ 11 àti RXD, kí ẹ to méjì yòókù tẹ̀lé ara wọn láti RXD dé GND. Lẹ́yìn tí kóòdù bá ti wọlé, tí ẹ kò sì tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́, ẹ fi mítà wọn RXD: nǹkan bíi 3.3 ló yẹ kẹ́ ẹ rí.

Nínú kóòdù:

SoftwareSerial bt(10, 11);
bt.begin(38400); // iyára ọ̀rọ̀ wọn

Kí loop máa gbé ohun tí Serial bá gbà fún bt, kó sì gbé ti bt fún Serial. Ẹ tẹ bọ́tìnnì HC-05 mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fún un níná. Iná ara rẹ̀ á máa ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Ẹ yan "Both NL & CR" nínú Serial Monitor, fèrèsé tí a fi ń bá Arduino sọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ AT, àṣẹ tí a fi ń dán an wò. OK ni yóò dá padà.

Bí ọ̀rọ̀ wúruwùru bá jáde, iyára wọn kò bára mu. Bí kò bá fèsì rárá, ẹ yẹ TXD àti RXD wò bóyá ẹ gbé wọn fún ara wọn, kí ẹ tún wo GND.

Ẹ tẹ AT+UART=9600,0,0, kí ẹ yí bt.begin sí 9600, kí ẹ pa HC-05, kí ẹ tún un tàn láìtẹ bọ́tìnnì. Ó ti ń ṣẹ́jú wàràwàrà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ fóònù Android, 1234 ni nọ́ńbà tó sábà máa ń béèrè. iPhone kò ní lè bá irú èyí sọ̀rọ̀. 9600 yẹn ń gbé lẹ́tà 960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá sún un dé 115200, SoftwareSerial orí Uno á máa já lẹ́tà sọnù.